Táńkà kan, orúkọ mẹ́rin: ọ̀rọ̀ Westralia àti àwọn họ́ọ̀sì yẹn

Ìbéèrè tó bẹ̀rẹ̀ gbogbo ẹ̀ nìyí: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìtàn ọkọ̀ ogun tí ẹ máa ń sọ ń dùn mọ́ wa, ṣùgbọ́n kí ló dé tó jẹ́ pé táńkà lẹ tún gbé dé báyìí? Ọkọ̀ tó kàn ń gbé epo ká, tí kì í yìnbọn, kí ló wà nínú ìtàn ẹ̀? Ẹyọ kan tí mo gbọ́ rí ni ti ọkọ̀ Ọsirélíà kan, Westralia, tí wọ́n ní ọ̀gá ọkọ̀ ti ilẹ̀kùn mọ́ èèyàn mẹ́rin nínú iná, ó wá tú gáàsì lé wọn lórí. Ṣé òótọ́ ni? Tó bá jẹ́ òótọ́, kí ló dé tí wọn ò jù ú sẹ́wọ̀n?"

*

Àbúrò, ìbéèrè méjì lo kó pọ̀ sójú kan, màá tú wọn síra. Ká kọ́kọ́ yanjú "kàn ń gbé epo ká" yẹn ná, torí òun ló ń dùn mí jù.

Tí èèyàn bá dárúkọ táńkà nílé wa, èyí tó tò sójú títì Àpápá ló máa ń wá síni lọ́kàn. Èyí tí mò ń sọ yàtọ̀. Ọkọ̀ ogun kì í gbé epo púpọ̀ tó bí ẹ ṣe rò, tó bá ń sáré gidi láàárín ọjọ́ mélòó kan epo ti ń lọ sísàlẹ̀ nìyẹn, tí kò bá sì sí ẹni tó máa pàdé ẹ̀ lójú agbami kò sí nǹkan méjì, á yáa forí lé ilé. Táńkà ni ẹni tó ń pàdé ẹ̀. Wọn kì í dúró o. Ọkọ̀ méjèèjì á máa sáré lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, eré kan náà, ọ̀nà kan náà, àlàfo àárín wọn lè má ju ogójì mítà lọ, wọ́n á yin okùn tín-ín-rín kọjá, okùn yẹn á fa èyí tó nípọn, èyí tó nípọn á fa wáyà, wáyà ló wá máa gbé họ́ọ̀sì kọ́, epo á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn. Omi tó há sáàárín wọn máa ń fẹ́ fà wọ́n lu ara wọn, ẹni tó di ìdarí mú ò gbọdọ̀ gbójú kúrò ní ìṣẹ́jú kan. Wọ́n ń ṣe é lóru, wọ́n ń ṣe é nínú ìgbì. Ẹni tó bá ti dúró lórí ọkọ̀ tí epo kún inú ẹ̀, tí ọkọ̀ míì ń sáré ní ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ báyẹn, kò ní pè é ní "kàn" mọ́.

*

Ẹnì kan bi mí pé ṣé ọkọ̀ ogun ni àbí ọkọ̀ oníṣòwò. Ti Westralia yìí, méjèèjì ló ti ṣe, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn láti máa sọ ọ́.

Ọkọ̀ oníṣòwò ni wọ́n kàn án fún. Birkenhead ni, níwájú Liverpool, ní ọgbà Cammell Laird, wọ́n sọ ọ́ sómi ní 1975, Hudson Cavalier lorúkọ ẹ̀. Ẹ rántí àsìkò yẹn, owó epo ti fò sókè láti 1973, ọjà àwọn táńkà ti dẹnu kọlẹ̀, ọkọ̀ tuntun wá ń jókòó kò ríṣẹ́ ṣe. Ìgbà tó di 1979 ni ìjọba ìlú Ọba háyà ẹ̀ fún Royal Fleet Auxiliary (RFA), wọ́n yí orúkọ ẹ̀ padà sí Appleleaf. Àwọn RFA yìí, ìjọba ló ni wọ́n, ológun ni wọ́n ń bá ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n atukọ̀ oníṣòwò ló wà nínú ọkọ̀ wọn, kì í ṣe sójà ojú omi. Ẹ̀ńjìnì méjì ló ní, Pielstick, sílíńdà mẹ́rìnlá mẹ́rìnlá. Tí epo bá kún inú ẹ̀, ó lé ní 40,000 tọ́ọ̀nù. Gígùn ẹ̀ tó bí 170 mítà.

Ẹ fi ọkàn sí àwọn Pielstick yẹn, a máa padà síbẹ̀.

*

"Ẹ̀gbọ́n, ogun wo ló jà?"

Ti Falklands, 1982, erékùṣù tí Gẹ̀ẹ́sì àti Ajẹntínà jà lé lórí. Láti Ascension, erékùṣù kan láàárín òkun níbi tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti lè sinmi díẹ̀, dé Falklands tó bí 3,800 máìlì, láàárín ẹ̀ kò sí èbúté, kò sí ilé epo, omi àti atẹ́gùn nìkan. Gbogbo ọkọ̀ ogun tí ẹ gbọ́ orúkọ wọn nínú ogun yẹn, epo tí wọ́n sun, táńkà ló gbé e wá. Appleleaf wà níbẹ̀, àwọn táńkà míì náà wà níbẹ̀. Iṣẹ́ àwọn tó jẹ́ Leaf, ìyẹn àwọn táńkà RFA tí orúkọ wọn parí sí "leaf" bíi Appleleaf, ni pé kí wọ́n kó epo púpọ̀ wá láti ọ̀nà jíjìn, kí wọ́n fún àwọn táńkà tó ń sáré tẹ̀ lé ọkọ̀ ogun, wọ́n sì lè fún ọkọ̀ ogun fúnra ẹ̀ tó bá di dandan. Bí alágbàtà àti alátà ni.

Kí ẹ lè mọ bí táńkà ṣe ṣe pàtàkì tó: ọ̀kan wà tó ń jẹ́ Tidepool, wọ́n ti tà á fún Chile, ó ti gúnlẹ̀ sí Arica lọ́hùn-ún nínú oṣù kẹrin 1982, ogun wá bẹ́, àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní ẹ jọ̀ọ́ ẹ yá wa padà, Chile sì gbà. Ọkọ̀ tí wọ́n ti tà! Ó lọ jagun tán kí wọ́n tó padà lọ fi lé olówó ẹ̀ lọ́wọ́ lọ́dún yẹn kan náà. Wọ́n ti ń ta ọkọ̀ ogun àti táńkà kí owó lè dín kù, ìgbà tí ọ̀rọ̀ dójú ẹ̀ ni wọ́n rí i pé táńkà ni kò tó.

*

Ẹnì kan sọ pé orúkọ tí wọ́n ń yí kiri ló kó bá ọkọ̀ náà, pé orúkọ ń ro ọmọ, pé ọkọ̀ tí wọ́n bá pààrọ̀ orúkọ ẹ̀ kì í rójú. Mo mọ̀ pé àwọn atukọ̀ gan-an ń sọ ọ́. Ṣùgbọ́n mi ò gbà, mi ò sì ní gbà. Àwọn Leaf yòókù, Brambleleaf àti Bayleaf àti Orangeleaf, orúkọ míì ni gbogbo wọn ń jẹ́ kí wọ́n tó wọ RFA, Orangeleaf sì ṣiṣẹ́ dé 2015. Orúkọ kọ́ ló bẹ́ họ́ọ̀sì. Tí a bá gbé e lé orúkọ lórí, ẹni tó yẹ kó dáhùn á ti bọ́.

*

Ọsirélíà wá gbà á ní 1989, háyà ni lákọ̀ọ́kọ́, wọ́n fún un lórúkọ HMAS Westralia. Wọ́n ti ní Westralia kan tẹ́lẹ̀ nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Láti ìgbà yìí lọ ológun ló wà nínú ẹ̀, kì í ṣe atukọ̀ oníṣòwò mọ́. Ní 1991 ó lọ sí ogun Gulf, ó lọ gba ipò lọ́wọ́ Success, táńkà kejì tí Ọsirélíà ní. Àwọn obìnrin wà lára àwọn atukọ̀ ẹ̀, òun sì ni ọkọ̀ Ọsirélíà àkọ́kọ́ tó kó obìnrin lọ sójú ogun bẹ́ẹ̀. Ní 1994 wọ́n san owó ẹ̀ tán, ó di tiwọn.

Ẹ wò ó, ogun méjì ti kọjá lórí ẹ̀. Ibi tí ọta ibọn ti ń fò ló ti lọ tó sì bọ̀. Ọjọ́ tí ewu dé, kò sí ọ̀tá kankan nítòsí, ẹnu ọ̀nà ilé ló wà.

*

Ó yá, họ́ọ̀sì. Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé "iná kàn sọ ni", ẹ fara balẹ̀ ka ibí yìí.

Nínú ẹ̀ńjìnì dísẹ̀lì ńlá bẹ́ẹ̀, sílíńdà kọ̀ọ̀kan ló ní pọ́ǹpù tiẹ̀. Pọ́ǹpù yẹn á fún dísẹ̀lì mọ́ inú sílíńdà, tó bá fún un tán, èyí tó ṣẹ́kù á já padà wẹ́rẹ́ sínú páìpù tó ń gbé epo bọ̀ àti èyí tó ń dá a padà. Páìpù yìí, lójú ìwé, ti pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni, agbára inú ẹ̀ ò pọ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí pọ́ǹpù bá já padà, ó máa ń lù ú bí òòlù. Gbà, gbà, gbà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà láàárín wákàtí kan. Nítorí náà àwọn páìpù irin tó wà níbẹ̀ ń jò láti ojú oríkèé wọn, ojoojúmọ́ ni àwọn tó wà nísàlẹ̀ ń nu epo. Ó ń sú wọn, kò sì sí ẹni tí kò ní sú.

Ìgbà tí ọkọ̀ náà wọ àtúnṣe, wọ́n ní ká yọ páìpù irin kúrò, ká fi họ́ọ̀sì tó ń tẹ̀ rọ́pò ẹ̀, họ́ọ̀sì kì í le koko, á máa gbọn bí ẹ̀ńjìnì bá ṣe ń gbọn, kò ní jò mọ́. Ó dún dáadáa létí, àbí? Ẹnikẹ́ni nínú wa tó ti di spánà mú rí máa gbà á. Ṣùgbọ́n ìlànà wà. Tí ẹ bá máa yí nǹkan kan padà lára ọkọ̀ báyẹn, ẹ gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹnjiníà tó mọ̀ ọ́n gbọ́dọ̀ ṣírò ẹ̀, Lloyd's Register tó ń ṣe ẹ̀rí pé ọkọ̀ dára gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Ìwádìí tí wọ́n ṣe lẹ́yìn náà fi hàn pé wọ́n fo gbogbo ìyẹn. Àwọn tó gba iṣẹ́ àtúnṣe fò ó, néfì fúnra wọn náà ò dá wọn dúró. Họ́ọ̀sì tí wọ́n wá rà kò tọ́ sí ibi tí òòlù ń lù bẹ́ẹ̀, ara ẹ̀ ò lè gbà á.

Ọjọ́ 5 oṣù karùn-ún 1998, ọkọ̀ kúrò ní èbúté ológun tó wà ní Garden Island nítòsí Perth ní òwúrọ̀. Kò tíì jìnnà. Wọ́n rí i pé epo ń jò lára ẹ̀ńjìnì ọwọ́ òsì, wọ́n pa á. Nígbà tí wọ́n ṣì ń bá ìyẹn lọ, họ́ọ̀sì míì bẹ́ lára ẹ̀ńjìnì ọwọ́ ọ̀tún, dísẹ̀lì fọ́n jáde bí ìgbà tí èèyàn fi páńpù fín oògùn sára kòkó, ó lu ibi kan tó ń jẹ́ indicator cock, bí ẹnu ẹ̀rọ kékeré kan tó yọ lára sílíńdà. Ibẹ̀ gbóná kọjá èyí tí dísẹ̀lì nílò láti gbiná láìsí ìṣáná. Ó gbiná. Ó wá di bọ́ọ̀lù iná nínú yàrá ẹ̀ńjìnì.

Èèyàn mẹ́rin kú síbẹ̀. Ọkùnrin mẹ́ta, obìnrin kan. Obìnrin yẹn, ọmọ ọdún 22 ni, ẹ̀kọ́ ọ̀gá ló ń kọ́, ó kàn wà nísàlẹ̀ lọ́jọ́ yẹn kó lè mọ bí yàrá ẹ̀ńjìnì ṣe ń ṣiṣẹ́. Mo máa ń ronú nípa tiẹ̀ ju àwọn yòókù lọ, mi ò mọ ìdí ẹ̀, bóyá torí mo ti kó àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ wọ yàrá ẹ̀ńjìnì rí pé "ẹ wá wo ibí".

*

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi wọ̀ mí lára nìyí. Mo ti ṣiṣẹ́ lórí ọkọ̀ kékeré kan tó ń fa ọkọ̀ ńlá wọ èbúté, l'Ékòó níbí, mi ò ní dárúkọ ẹni tó ni ín. Páìpù tó ń dá epo padà fọ́, wọ́n ní kí ọkọ̀ jáde ní àárọ̀ ọjọ́ kejì dandan, oníṣẹ́ kan gé họ́ọ̀sì kan, ó fi clip méjì dè é, ó ní "ó ti parí". Èmi náà gbà. Èmi ni mo di tọ́ọ̀ṣì mú fún un! Ọjọ́ kẹta mo wọ yàrá ẹ̀ńjìnì, mo rí i tí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ funfun bí ọyẹ́, òórùn dísẹ̀lì gba gbogbo ibẹ̀, họ́ọ̀sì yẹn ti la lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń fọ́n epo sí ara ògiri. Ògiri ni, kì í ṣe ẹ̀sọ́ọ̀sì. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ò ju ìwọ̀n apá kan lọ. Mo sáré pa ẹ̀ńjìnì, mo jókòó sórí àtẹ̀gùn, ẹsẹ̀ mi ò lè gbé mi.

Kò sí ẹni tó kọ ọ́ sínú ìwé ọkọ̀ pé wọ́n yí páìpù yẹn sí họ́ọ̀sì. Tó bá jẹ́ ẹlòmíì ló wọlé lẹ́yìn mi, kò ní mọ̀ láéláé.

*

Ó yá, ìbéèrè kejì tí àbúrò bi, ti gáàsì.

Èrò tó pọ̀ jù tí mo rí ni pé ọ̀gá ọkọ̀ pa wọ́n. Èyí tó tẹ̀ lé e ni pé kò sí ohun tó lè ṣe, ó ní láti fi mẹ́rin gba yòókù là. Mi ò fara mọ́ méjèèjì bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́.

Àkọ́kọ́, wọn ò kàn ti ilẹ̀kùn. Àwọn èèyàn wọ inú èéfín yẹn lọ wá wọn, wọ́n wọ aṣọ iná, wọ́n gbé ẹ̀rọ mímí sẹ́yìn, ooru lé wọn padà. Ṣé ẹ mọ bí inú ẹ̀ ṣe máa dúdú tó? Èèyàn ò ní rí ọwọ́ ara ẹ̀. Àtẹ̀gùn irin ni, gbígbóná ni, ìsàlẹ̀ lẹ sì ń lọ, bíi kéèyàn gba ọ̀nà èéfín wọ inú ààrò ni. Ìgbà tí ìyẹn ò ṣeé ṣe ni wọ́n tú CO2 sínú ẹ̀. Gáàsì yìí kì í jó, ńṣe ló ń lé afẹ́fẹ́ tí iná ń jẹ kúrò, afẹ́fẹ́ kan náà ni èèyàn ń mí, ibẹ̀ ni ìpinnu yẹn ti wúwo. Ẹ má gbàgbé pé táńkà ni, epo ló wà níwájú yàrá yẹn, àwọn èèyàn tó kù lórí ọkọ̀ pọ̀ gan-an.

Ìkejì, ìwádìí néfì sọ pé èéfín ló pa àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ tí iná bẹ̀rẹ̀, kí gáàsì tó débẹ̀. Adájọ́ tó ń wádìí ikú ní Western Australia náà tún yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò lọ́dún díẹ̀ lẹ́yìn náà. Nítorí náà kì í ṣe pé wọ́n fi mẹ́rin ra yòókù. Ṣùgbọ́n ẹni tó pàṣẹ yẹn ò mọ̀ bẹ́ẹ̀ lásìkò tó ń pàṣẹ. Kò sí ẹni tó lè sọ fún un pé wọ́n ti kú. Ohun tó gbé sọ́kàn nígbà tó ní "ẹ tú u" ni pé wọ́n lè ṣì wà láàyè. Ẹ̀yin tí ẹ ń ní kí wọ́n jù ú sẹ́wọ̀n, ẹ dúró síbẹ̀ ná, kí ẹ sọ ohun tí ẹ̀yin máa ṣe.

Gáàsì nìkan kọ́ ló sì parí ẹ̀, àwọn èèyàn ṣì tún padà wọlé pẹ̀lú omi. Ọ̀pọ̀ wọn, ọmọdé ni.

*

Ẹnì kan fèsì pé: "Tó bá jẹ́ pé àwọn atukọ̀ oníṣòwò RFA ló ṣì wà nínú ẹ̀, kò ní ṣẹlẹ̀, néfì ò mọ ẹ̀ńjìnì táńkà."

Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹnjiníà oníṣòwò lè lo ọdún mẹ́wàá pẹ̀lú irú ẹ̀ńjìnì kan, ológun kì í pẹ́ kí wọ́n tó gbé e lọ síbòmíì, ẹni tó wà níbẹ̀ lè má mọ̀ pé ìró òòlù yẹn ló ń ba páìpù jẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ìyẹn di àwọn tó wà nísàlẹ̀ lẹ́rù. Àwọn ni wọ́n ń nu epo, àwọn ni wọ́n bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n bá wọn tún un ṣe. Wọ́n béèrè ohun tó tọ́. Ìdáhùn tí wọ́n fún wọn ni kò tọ́. Ní ti ìjìyà, kò sẹ́ni tó lọ sẹ́wọ̀n, ilé-iṣẹ́ tó ṣe àtúnṣe yẹn ni ilé ẹjọ́ wá bu owó ìtanràn lé. Mo gbà pé ó kéré. Mo gbà bẹ́ẹ̀ gan-an. Ṣùgbọ́n tí a bá ń wá ẹni tó dá ẹ̀ṣẹ̀, àwọn tó wà ní ọ́fíìsì ni ká lọ bá, àwọn tó rí ìwé iṣẹ́ tí wọn ò béèrè pé Lloyd's dà, kì í ṣe ọ̀gá ọkọ̀ tó dúró sórí iná.

*

"Kí ló wá ṣẹlẹ̀ sí ọkọ̀ náà?"

Wọ́n tún un ṣe, ó padà sẹ́nu iṣẹ́. Ìyẹn ni àwọn èèyàn kì í mọ̀. Ọdún mẹ́jọ gbáko ló tún fi fún àwọn ọkọ̀ ní epo lẹ́yìn iná yẹn, èèyàn wọ yàrá ẹ̀ńjìnì kan náà lójoojúmọ́. Oṣù kẹsàn-án 2006 ni wọ́n yọ ọ́ kúrò, ọjọ́ yẹn gan-an ni Sirius gba ipò ẹ̀, táńkà oníṣòwò tí wọ́n kàn ní Kòríà, tí Ọsirélíà rà tí wọ́n sì tún ṣe, tiẹ̀ ní ògiri méjì kí epo má bàa dà sómi tó bá kọ lu nǹkan. Westralia, wọ́n tà á, wọ́n fún un lórúkọ kẹrin, Shiraz, ìgbẹ̀yìn ẹ̀ wọ́n gé e fún irin.

*

Ìbéèrè tó dé lálẹ́ àná rèé, mo sì fẹ́ dáhùn ẹ̀ dáadáa: "Ẹ̀gbọ́n, jẹnẹrétọ̀ ńlá tó wà ní ilé ìtẹ̀wé wa, mẹkáníìkì ti yí páìpù tó ń dá dísẹ̀lì padà sí họ́ọ̀sì rọ́bà, ó ti tó oṣù méjì. Kí ni kí n ṣe?"

Pa á ná, kó tutù. Lẹ́yìn náà fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, wò ó bóyá ó wú níbì kan, bóyá ó ti le, bóyá ó ń rin. Ka ohun tí wọ́n kọ sí ara ẹ̀, tó bá jẹ́ họ́ọ̀sì omi ni yọ ọ́ lónìí, má dúró dọ̀la. Tẹ̀ lé e wò pé kí ló wà níwájú ẹ̀: tó bá jẹ́ ẹ̀sọ́ọ̀sì tàbí tọ́bò, fi pánù bò ó láàárín títí wọ́n á fi bá ẹ ra páìpù tó bá ẹ̀ńjìnì yẹn mu gan-an, nọ́ńbà ẹ̀ wà nínú ìwé tó bá a wá. Kọ ọjọ́ àti ohun tí o ṣe sára ògiri níbẹ̀, fi máákà kọ ọ́, kí ẹni tó bá wọlé lẹ́yìn ẹ lè kà á. Tí mẹkáníìkì bá ń bínú, sọ pé èmi ni mo ní kí o ṣe é.